Ombuds, káńsẹ́lọ̀, Title IX tàbí dean: ilẹ̀kùn wo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera kọ́kọ́ kàn?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀sẹ̀ kẹwàá nínú mẹ́rìnlá tí ẹ máa lò ní wọ́ọ̀dù nìyí. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́ yín sọ́nà níbẹ̀, preceptor yín, kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí fọ́ọ̀mù: unsafe. Ó ní ẹ fẹ́ fún aláìsàn lóògùn láì kọ́kọ́ wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lára ọ̀já ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹ wò ó, ẹ tiẹ̀ ka ọjọ́ ìbí náà sókè. Kọ̀ǹpútà ni preceptor kọjú sí nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ kan yẹn tó láti gba odidi sẹ́mẹ́sítà lọ́wọ́ yín. Nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, famasí, ìṣègùn àti ìtọ́jú eyín, ẹni tó bá fìdí rẹmi ní posting, ìyẹn iṣẹ́ wọ́ọ̀dù yìí, ti fìdí rẹmi nìyẹn, ì báà gba ọgọ́rùn-ún nínú ìdánwò ìwé.

Ta ni ẹ máa sọ fún?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ilé wá sí Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ àgbà ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Nílé, level adviser ni, tàbí olùkọ́ kan tó ń pe èèyàn ní "ọmọ mi". Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, kò sì sí àléébù nínú rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ níbí ni pé olùkọ́ onínúure yẹn lè jẹ́ ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ pàṣẹ fún pé ohunkóhun tó bá gbọ́ nípa ìfìyà-jẹni tàbí ìfipábánilò, dandan ni kó fi sùn, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ ò bẹ̀ ẹ́. Ẹyin lohùn: bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó la ẹnu níwájú ẹnikẹ́ni, ìbéèrè méjì ni kí ẹ fi wọn ilẹ̀kùn náà. Àkọ́kọ́: ta ni ọ̀rọ̀ mi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i? Èkejì: bí mo bá sọ ọ́ níbí, ṣé a lè sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ti gbọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè àkọ́kọ́, wọ́n á gbàgbé èkejì, èkejì yìí ló sì máa ń kó wọn síyọnu.

Ombuds: ẹni tó ń gbọ́, tí kì í dájọ́

Ombuds ni òṣìṣẹ́ tí yunifásítì yàn láti máa gbọ́ ìṣòro èèyàn ní ìkọ̀kọ̀. Sweden ni orúkọ náà ti wá. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti ọdún 1809 ló dá ipò sílẹ̀ fún ẹni tí aráàlú lè gbé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ bá. Nàìjíríà náà ní irú rẹ̀, Public Complaints Commission, tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1975. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti Nàìjíríà wọn ti yunifásítì o. Commission lágbára láti ṣe ìwádìí, ó sì lè béèrè fáìlì lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Ombuds inú yunifásítì kì í ṣe ìwádìí ẹ̀sùn, kì í gba ẹ̀rí, kì í dá ẹjọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó wọlé lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù.

Simon Fraser University ní Kánádà ló kọ́kọ́ ní irú ọ́fíìsì yìí láàárín àwọn yunifásítì Àríwá Amẹ́ríkà, ní 1965. Ti Michigan State University, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kò tíì dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí dòní. Lónìí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti ìlera pátápátá, bíi UCSF ní California àti Anschutz Medical Campus ní Colorado, ní tiwọn. Ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, International Ombuds Association, gbé e ka òpó mẹ́rin: ó dá dúró, kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó ń pa àṣírí mọ́, kò sì sí nínú ètò ìgbẹ́jọ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Òpó kejì yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ombuds kò ní dá preceptor yín lẹ́bi nítorí pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé, kì í sì í ṣe lọ́yà yín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń retí pé kí ombuds bá òun jà máa bínú kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣe é níbi kankan.

Kí ló wá lè ṣe? Ó pọ̀. Ó lè bá yín ṣí ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ sí ojú ewé tó sọ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ já ní posting gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìkìlọ̀ lórí ìwé, kó sì bi yín bóyá ẹ gba èyíkéyìí. Ó lè jókòó bí preceptor, kí ẹ fi òun dánra wò, kí ẹ lè mọ gbólóhùn tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ láìgbóhùn sókè, láìsunkún. Bí ẹ bá fún un láṣẹ, ó lè pe olùdarí posting lórí fóònù, tàbí kó pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó bí onílàjà. Bí ẹ ò bá fún un láṣẹ, kò ní pe ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tí ombuds nìkan ló lè ṣe é dáadáa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin bá ti wá láàárín sẹ́mẹ́sítà méjì, tí gbogbo wọn ń dárúkọ wọ́ọ̀dù kan náà, ó lè lọ bá dean pé "ẹ wo ibi posting yẹn o," láìdárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ìmọ̀ràn wa níbẹ̀ ni pé bí ẹgbẹ́ yín ní wọ́ọ̀dù náà ò bá ju mẹ́jọ lọ, àìdárúkọ nìkan kò tó láti bò yín. Wọ́n á ka ọwọ́, wọ́n á sì mọ̀. Ẹ sọ fún ombuds pé kó dúró dìgbà tí máàkì bá ti jáde kó tó mẹ́nu kàn án.

Ní ti àkọsílẹ̀, ombuds tó mọṣẹ́ lè kọ nǹkan díẹ̀ sórí bébà nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, yóò sì fà á ya lẹ́yìn náà. Ohun tó máa ń tọ́jú ni iye èèyàn tó wá àti irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé wá. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìfipábánilò, tí a máa sọ nísàlẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó lè mú kó tú àṣírí ni bí ó bá rí i pé ewu ńlá fẹ́ já lu ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yin tàbí ẹlòmíràn.

Ombuds àti káńsẹ́lọ̀: àṣírí méjì tí kò rí bákan náà

Àwọn méjèèjì máa sọ fún yín pé "ọ̀rọ̀ yín ò ní jáde níbí." Òótọ́ ni lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn yàtọ̀.

Òfin ìjọba ló ti káńsẹ́lọ̀ lẹ́yìn. Ní 1996, nínú ẹjọ́ Jaffee v. Redmond, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ohun tí èèyàn bá bá oníwòsàn ọpọlọ tó ní láísẹ́ńsì sọ, títí kan social worker tó ní láísẹ́ńsì, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ò lè fipá gbà á jáde. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, 1997, nínú ẹjọ́ Carman v. McDonnell Douglas, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti àgbègbè kẹjọ kọ̀ láti fún ombuds ilé-iṣẹ́ kan ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ìlérí ilé-ẹ̀kọ́ àti ìlànà iṣẹ́ ló ti àṣírí ombuds lẹ́yìn. Ìlérí tó lágbára ni, àwọn ombuds sì máa ń jà fún un, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, kò lè dá yín lójú tó ti káńsẹ́lọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ yín ń lọ sí kóòtù, lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí.

Àkọsílẹ̀ tún yà wọ́n sọ́tọ̀. Káńsẹ́lọ̀ máa kọ ìwé, nítorí ìtọ́jú ló ń ṣe. Ìwé ìtọ́jú yẹn ò sí lára fáìlì ẹ̀kọ́ tí òfin FERPA ti 1974 ń ṣàkóso, kò sì yẹ kí olùkọ́ yín rí i. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, LCME tó ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ wọn tún fi kún un pé dókítà tàbí káńsẹ́lọ̀ tó bá ń tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó ń fún un ní máàkì tàbí tó ń dìbò bóyá kó kọjá. Òfin yìí ṣe pàtàkì fún wa gan-an, nítorí pé nínú ọsibítù tí ẹ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ ti lè lọ gba ìtọ́jú. Bí ẹ bá wọ kíníìkì tí ẹ sì rí olùkọ́ yín lórí àga dókítà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n fún yín ní ẹlòmíràn.

Báwo lẹ ṣe máa yàn? Bí oorun bá ti dá, tí oúnjẹ ò lọ mọ́, tí ọkàn ń sọ fún yín pé ó sàn kẹ́ ẹ kú, káńsẹ́lọ̀ ni, kíá. Ní Amẹ́ríkà, fóònù 988 ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Bí ara bá le ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ máàkì, olùkọ́ tàbí wọ́ọ̀dù ń dí yín lọ́wọ́, ombuds ni. Ẹ lè lo àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà. Wọn ò ní bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ yín.

Title IX àti Title VI: ibi tí sísọ̀rọ̀ ti ń di ọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́

Title IX, òfin ọdún 1972, ló ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí akọ tàbí abo léèwọ̀, ìfọwọ́kan tí ẹ ò fẹ́ àti ìfipábánilò sì wà nínú rẹ̀. Title VI, láti inú òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti 1964, ló ka ti àwọ̀ ara àti orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá léèwọ̀. Preceptor tó ń sọ níwájú aláìsàn pé "ta ló lè gbọ́ irú èdè tí ẹni yìí ń sọ," tó wá gé máàkì yín láìdárúkọ ìgbà kankan tí aláìsàn ò gbọ́ yín, ó ti ń sún mọ́ agbègbè Title VI.

Nígbà tí ẹ bá sọ fún Title IX coordinator, òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bójú tó òfin náà, ilé-ẹ̀kọ́ ti gbọ́ nìyẹn. Ohun tó mú ilẹ̀kùn yìí lágbára nìyẹn, òun náà ló sì mú kó yẹ kí ẹ ronú kí ẹ tó wọlé. Lábẹ́ ìlànà 2020, èyí tó padà di èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lé lẹ́yìn tí kóòtù fagi lé ti 2024 ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ẹ lè gba ìrànlọ́wọ́ láìtíì kọ ìwé ẹ̀sùn: kí wọ́n gbé yín lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, kí wọ́n sún ìdánwò síwájú, kí wọ́n paṣẹ pé kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì má ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀ pé èyí wà. Wọ́n rò pé àfi kí wọ́n gbé ẹjọ́ kí ohunkóhun tó yí padà, torí náà wọ́n á fara da á títí posting á fi parí.

Ṣé ombuds náà gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ Title IX sùn? Ilé-ẹ̀kọ́ kan sí ìkejì ló yàtọ̀. Àwọn kan kọ ọ́ kedere pé ombuds wà lára àwọn tí kì í fi sùn, àwọn mìíràn ò kọ ọ́. Òfin Clery, tó ní kí àwọn yunifásítì máa ka iye ìwà ọ̀daràn inú ọgbà, dárúkọ àlùfáà tó ń gbani nímọ̀ràn àti káńsẹ́lọ̀ tó mọṣẹ́ pé kò kan wọ́n. Kò dárúkọ ombuds níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè lórí fóònù kí ẹ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: "Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ ìfipábánilò fún yín, ṣé dandan ni kẹ́ ẹ fi sùn?" Ombuds gidi kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ ò bá ṣe nǹkan kan, Office for Civil Rights ti ìjọba àpapọ̀ ń gba ẹ̀sùn. Gbèdéke wọn jẹ́ 180 ọjọ́ láti ìgbà tí ohun tó dùn yín ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọ́fíìsì dean

Dean ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló lè fọwọ́ sí nǹkan: kó sún gbèdéke, kó yí wọ́ọ̀dù padà, kó gba ìwé kòtẹ́milọ́rùn yín. Òun kan náà ni ọ́fíìsì rẹ̀ ń tọ́jú fáìlì yín, tó sì ń bá ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ta ló kọjá ṣiṣẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọ́fíìsì dean ló ń kọ MSPE, lẹ́tà tí gbogbo ọsibítù tí ẹ bá bèèrè residency (ẹ̀kọ́ dókítà lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí) lọ́wọ́ wọn máa kà. Èyí ò sọ pé dean jẹ́ ọ̀tá. Ohun tó sọ ni pé kí ẹ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ti gún, kì í ṣe ibi tí ẹ ti máa kọ́kọ́ sunkún.

| | Ombuds | Káńsẹ́lọ̀ | Title IX | Dean |
|---|---|---|---|---|
| Ṣé ó lè sọ fún ẹlòmíràn láìgbàṣẹ? | Rárá, àfi bí ewu ńlá bá wà (ní ti ìfipábánilò, ẹ kọ́kọ́ béèrè) | Rárá, àfi ewu ńlá tàbí ohun tí òfin ìpínlẹ̀ ní kó fi sùn | Ó lè sọ fún àwọn tó ń bójú tó o | Ó lè sọ |
| Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ti gbọ́? | Kò tíì gbọ́ | Kò tíì gbọ́ | Ó ti gbọ́ | Ó ti gbọ́ |
| Àkọsílẹ̀ olórúkọ | Kò sí | Ó wà nínú fáìlì ìtọ́jú | Ó wà | Ó wà |
| Ṣé ó lè yí nǹkan padà? | Rárá | Rárá | Ìrànlọ́wọ́ kíákíá, ìwádìí | Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí ìgbìmọ̀ |

Fóònù tàbí fọ́ọ̀mù aláìlórúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà. Ó dára fún ohun tó kan ààbò aláìsàn tàbí owó tí wọ́n ń jí. Fún máàkì yín, kò wúlò, torí wọn ò lè tún máàkì ẹni tí wọn ò mọ̀ ṣe.

Bí ẹ ṣe máa mọ ombuds tó jẹ́ ombuds lóòótọ́

Orúkọ nìkan ò tó. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan á fi "ombuds" sára ilẹ̀kùn igbákejì dean. Àwọn mìíràn á fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní iṣẹ́ náà fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń kọ́ kíláàsì, ó sì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń já akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó wọ fìlà méjì yẹn lè jẹ́ èèyàn rere, ṣùgbọ́n kò lè gbàgbé ohun tó gbọ́ ní Ọjọ́ Ajé nígbà tó bá ń dìbò ní Ọjọ́bọ̀.

Ẹ wá ìwé tí wọ́n ń pè ní charter lórí ojú ewé ọ́fíìsì náà. Ó yẹ kó sọ pé ààrẹ yunifásítì tàbí provost, olórí ètò ẹ̀kọ́ gbogbo yunifásítì náà, ni ombuds ń jábọ̀ fún, kì í ṣe dean ilé-ẹ̀kọ́ yín tàbí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́. Ó yẹ kó sọ pé sísọ̀rọ̀ fún ombuds kì í ṣe fífi tó ilé-ẹ̀kọ́ létí. Ó tún yẹ kó sọ pé wọn kì í tọ́jú ìwé olórúkọ. Bí charter ò bá sí, tàbí tí ẹni tó gbé fóònù bá ní "a máa bá yín wádìí rẹ̀," ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì ẹ̀sùn lásán lẹ wọ̀.

Kí ẹ tó lọ

Fóònù ni kí ẹ fi gba àyè, kì í ṣe ímeèlì. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ni ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì lè ṣí i. Bí ímeèlì nìkan ni ọ̀nà, orúkọ yín, nọ́ńbà yín àti "mo fẹ́ rí yín" ti tó. Ẹ má kọ ìtàn síbẹ̀.

Ojú ewé kan ni kí ẹ kọ, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ to ọjọ́ sí apá òsì, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àárín, ẹni tó wà níbẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ohun tí wọ́n sọ gan-an ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé ó wà lọ́kàn wọn. "Ó kórìíra mi" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. "Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, agogo méjì ọ̀sán, ó ní n má fọwọ́ kan aláìsàn rẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì méjì wà níbẹ̀": ìyẹn wúlò. Nísàlẹ̀ ojú ewé, ẹ kọ ohun kan tí ẹ ń fẹ́. Ṣé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò ni? Ṣé kí wọ́n fún yín ní preceptor mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kù ni? Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń fẹ́ á lo gbogbo wákàtí náà lórí bí ó ṣe dùn ún tó.

Ẹ mú ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ ti ọdún tí ẹ wọlé dání, àti syllabus posting náà, àti gbogbo fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n tí wọ́n ti fún yín, títí kan àwọn tó dára. Bí wọn ò bá fún yín ní fọ́ọ̀mù kan, FERPA fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí fáìlì ẹ̀kọ́ yín láàárín ọjọ́ 45 tí ẹ béèrè rẹ̀. Ọjọ́ 45 pọ̀ ju gbèdéke kòtẹ́milọ́rùn ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ni kí ẹ béèrè.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́

Èyí tó burú jù lọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ máa padà lọ ṣí fáìlì aláìsàn nínú kọ̀ǹpútà ọsibítù kó lè rí àkókò tó scan ọ̀já ọwọ́ náà. A mọ ìdí rẹ̀: ẹ̀rí tó máa gbà á là wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá tọ́jú aláìsàn náà mọ́, ṣíṣí fáìlì rẹ̀ rú HIPAA, òfin tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn, kọ̀ǹpútà sì ń kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i sílẹ̀. Ẹjọ́ tí ẹ lè jàre á wá di ẹjọ́ tuntun tí ẹ ò lè jàre. Ohun tó yẹ ni kí ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà wọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n béèrè àkọsílẹ̀ scan lọ́wọ́ ọsibítù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ò gbọ́dọ̀ dárúkọ aláìsàn fún ombuds. "Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún kan" ti tó.

Èkejì ni gbèdéke. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ bá ombuds lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ á dùn, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ọ̀nà ìlàjà, ọjọ́ kòtẹ́milọ́rùn á sì kọjá. Nígbà tó bá wá sọ pé "mo ti fi sùn," wọ́n á ní rárá, ombuds lẹ bá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fífi ọ̀rọ̀ lọ ombuds kì í dá aago dúró. Ẹ fi ìwé kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀ kí gbèdéke tó pé, kí ìlàjà sì máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ lè fà á padà bí ọ̀rọ̀ bá yanjú.

Ẹ má gba ohùn preceptor sílẹ̀ sórí fóònù láìjẹ́ kó mọ̀. Ní Maryland, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, àti ní California àti Florida, gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ohùn aláìsàn náà sì lè wọ inú rẹ̀.

Fún ẹni tó fi F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, wọlé, ìṣọ́ra kan tún wà. DSO, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kì í ṣe olùpàṣírímọ́. Ojúṣe rẹ̀ ni láti kọ ìyípadà sínú SEVIS, àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń tọ́pa akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, láàárín ọjọ́ 21. Ṣùgbọ́n òun ni kí ẹ rí kí ẹ tó ju kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ju kọ́ọ̀sì sílẹ̀ láìgbàṣẹ tó sì bọ́ sábẹ́ iye kọ́ọ̀sì kíkún ti pàdánù ipò físà rẹ̀. Bí àìsàn bá wà, lẹ́tà dókítà máa jẹ́ kí DSO dín kọ́ọ̀sì kù lábẹ́ òfin, kó má sáà ju oṣù 12 lápapọ̀ lọ ní ìpele ẹ̀kọ́ kan. Ẹ lè kọ́kọ́ bá ombuds to ohun tí ẹ máa sọ fún DSO, kí ẹ má baà sọ ju ohun tó yẹ lọ.

Bí ẹ bá wà ní Ìlú Ọba, tàbí tí ẹ ti ń ṣe residency

Ní England àti Wales, OIA (Office of the Independent Adjudicator), tí òfin 2004 gbé kalẹ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ombuds akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń lọ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí ìgbẹ́jọ́ tirẹ̀, tó sì fún yín ní Completion of Procedures Letter, ni ẹ tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ ní oṣù 12 láti ọjọ́ lẹ́tà náà, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀. Wọn kì í tún máàkì gbé léwọ̀n. Bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá ń wá etí tó máa gbọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀, àwọn agbaninímọ̀ràn students' union ni kó lọ bá. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ààbò aláìsàn ní ọsibítù NHS, Freedom to Speak Up Guardian ń gbọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Dókítà tó ti wọ residency ní Amẹ́ríkà lè lo ombuds ọsibítù rẹ̀ bí ó bá ní, ó sì tún lè pe ACGME, àjọ tó ń fọwọ́ sí ètò residency, tó ya ọ́fíìsì ombuds sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́fíìsì ẹ̀sùn. Bí wọ́n bá ń mú un ṣiṣẹ́ ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀, tí a bá pín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dọ́gba, ACGME ni kó pè.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀rọ̀ unsafe ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá yẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ojú ewé kan yẹn nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì mọ́ lójú yín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ pe ombuds lórí fóònù, kí ẹ sì ṣí ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ síbi tí gbèdéke kòtẹ́milọ́rùn wà. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ kọ̀wé béèrè fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá ombuds sọ̀rọ̀, ẹ lọ bá preceptor fúnra yín, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan: kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe yàtọ̀ nígbà míì tí mo bá ń fún aláìsàn lóògùn? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i nínú ímeèlì kúkúrú tó dá lórí iṣẹ́ nìkan. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lórí fọ́ọ̀mù, ó kan dean, ẹ ó sì mú ojú ewé yín, ímeèlì náà àti fọ́ọ̀mù tó dára ti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ dání.